Obìnrin Tó Ń Pè Yín Ní Màámi

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kọkànlá rè é tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín, torí pé ohun tó wà nínú mi kò dùn-ún sọ. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé àlàáfíà ni a wà, pé àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ìwé, pé onílé wa ní Egan ti bá wa tún òrùlé ṣe, òjò kì í jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi mọ́. Gbogbo ìyẹn dáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi jókòó sídìí tábìlì lọ́sàn-án Sọ́ńdè yìí ni owú. Mo ti ń jowú láti ọjọ́ pípẹ́, Màámi. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, tí mò ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí àwọn kan ń kúnlẹ̀ kí, mo ń jowú bí ọmọdé tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ẹ mọ ẹni tí mò ń jowú rẹ̀. Títí ni. Títí tó ń gbé Akowonjo, tí wọ́n bí sí ìjọ aláṣọ funfun, tó fẹ́ ọkọ tán tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní Egbeda. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tó ti ń bọ̀, ó wá ń fẹsẹ̀ lásán rìn wọlé láàárín gbogbo èèyàn. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin dìde, ẹ lọ gbé bàtà náà wá fún un, ẹ sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ń tọ́ka ibi tí a dé nínú ìwé àdúrà sí i, ẹ máa fi itọ́ tọ́ ìka kí ẹ tó ṣí ewé ìwé bí ìṣe yín. Ibi tí èmi máa ń jókòó sí ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di tiyín, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní Màámi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Màámi gan-an? Gbogbo ìjọ ń pè yín ní Màmá Tíṣà, àwọn ará àdúgbò náà ń pè yín bẹ́ẹ̀. Orúkọ wà nílẹ̀ tó lè mú. Èmi nìkan ni ẹ bí. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò, mi ò bá ẹnikẹ́ni pín ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń pè. Ẹ̀yin lẹ dáhùn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí dókítà ní kí ẹ má jáde mọ́, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ní Mọ́ńdè yóò gbé ọbẹ̀ wá nínú fúláàsì, ẹni tó bá ní Túsìdeè yóò bá yín fọṣọ. Wọn yóò kọrin díẹ̀, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò sọ̀rọ̀ àwọn tó ń jà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n fún yín lágbára tí oògùn kò fún yín, mo rí i kedere. Ó yẹ kí n máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdeè kan, mo bá Títí lórí àpótí nílẹ̀, ẹsẹ̀ yín wà lórí itan rẹ̀, ó ń bá yín gé èékánná. Èmi bẹ̀ yín títí kí ẹ jẹ́ kí n gé èékánná yẹn. Ẹ ní ọwọ́ mi le. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu, bí ẹ ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí eyín iwájú yín ti yọ. Ẹ ò tètè rí mi. Ṣé ẹ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó rí mi?

Èyí tó wá burú jù lọ ni ti aṣọ pẹpẹ. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ yín mọ́ àwọn aṣọ funfun pẹlẹbẹ yẹn, tí alùfáà fi ń nu ẹnu ife bí ó bá ti kúrò lẹ́nu ẹnì kan kó tó kan ẹnìkejì. Ẹ̀yin lẹ fi òwú rán àgbélébùú pupa kékeré sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Sátidé kan kò kọjá kí ẹ má fọ̀ wọ́n, kí ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ ká wọn sí mẹ́ta, kí ẹ tún ká wọn sí mẹ́ta. Ó wọ̀ yín lára débi pé gbogbo nǹkan ilé wa lẹ ń ká sí mẹ́ta: tówẹ̀lì, ọ̀rá búrẹ́dì, àti káàdì èsì ìdánwò mi. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, lọ́jọ́ tí a lọ dúpẹ́, alùfáà dìde ó ní Títí ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á, mo pa á gan-an ni. Ìgbà tí mo délé ni mo sunkún, kì í sì í ṣe ikú yín ni mo sun lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú.

Mo sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fetí sílẹ̀ pé ẹ ò pè mí síbi iṣẹ́ yẹn rí, pé àjèjì lẹ kọ́, ẹ fi ọmọ inú yín sílẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní Sátidé ni mo fi ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, orí mi wà nínú ẹ̀rọ gbígbẹ irun, mo ní kí ẹ pè mí padà. Ẹ ò pe ìkẹta. Kí ni ẹ rò lọ́kàn yín nígbà tí ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀?

Láti ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn ni mi ò ti gba kọmúníọ̀nù mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ní ẹnì kan sínú kò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì Olúwa, pé kó lọ parí rẹ̀ ná. Àràárọ̀ Sọ́ńdè ni alùfáà ń ké sí àwọn tó wà nínú ìfẹ́ pẹ̀lú ọmọnìkejì wọn pé kí wọ́n bọ̀ síwájú, mi ò sì lè dìde. Títí yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ kúnlẹ̀. Èmi yóò máa tú inú báàgì mi bíi pé mo ń wá nǹkan. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ọgbẹ́ inú ni, pé dókítà ní kí n má fẹnu kan wáìnì. Ìyàwó alùfáà wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọgbẹ́ inú mi. Ó ti ra oyin fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Oyin náà dáa, mo ń fi í jẹ búrẹ́dì.

Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, Màámi. Ebi tábìlì yẹn pa mí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á tán tí wọ́n ń padà bọ̀ sáyè wọn, ojú wọn máa ń dá, wọn a máa fọwọ́ kan ara wọn léjìká bí wọ́n bá ń kọjá, àní àwọn tó jẹ́ pé ní Sátidé ni wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀. Èmi máa ń jókòó láàárín wọn bí ẹni tó wá kí wọn. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé bí yóò ṣe máa rí títí nìyẹn, pé owú lórí yín ni yóò lé mi kúrò nídìí ohun tí ẹ fẹ́ràn jù láyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni Títí bímọ, ọmọbìnrin ni. Ìyàwó alùfáà gba iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó sinmi títí yóò fi gbé ọmọ jáde wá sílé Ọlọ́run, ó sì fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìrìn àjò wá dé bá a. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé tó kọjá, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó kó aṣọ mẹ́jọ náà lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá funfun.

Ó ní, "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni mo tún fẹ́ máa wá kiri? Inú ilé yín ṣá ni iṣẹ́ yìí ti ń bọ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo gbé ọ̀rá náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi dé Egan, mi ò jẹ́ kó kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ogún mi ti dé ọwọ́ mi. Mi ò rántí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

Àárọ̀ àná, Sátidé, ni mo kó wọn jáde. Àbàwọ́n wáìnì wà lára wọn, ti ọ̀dà ètè àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù, nọ́mbà Títí wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀. Kí n wá máa bi Títí bí ìyá mi ṣe ń fọṣọ? Mo mú oògùn ìfọṣọ tó ń bó àbàwọ́n, èyí tí mo fi ń fọ ilé ìwẹ̀ wa, mo dà á sómi, mo rì wọ́n sínú rẹ̀, mo lọ ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo padà dé, àbàwọ́n ti lọ. Àgbélébùú yín náà ti lọ. Ibi tó kù lára wọn wá rí bí ẹran adìyẹ tí kò jiná, etí aṣọ ti pọ́n, méjì ti já níbi tí mo ti gbo ó. Mo da omi náà sí gọ́tà iwájú ilé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ yín gbà lára aṣọ yẹn, wákàtí kan ni mo fi pa á rẹ́.

Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé e lọ bá. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Akowonjo.

Títí wà lórí ẹní ní pálọ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo ní kó jókòó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ojú yín ò dáa o." Mo kó àwọn aṣọ náà jáde, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀. Mo ń retí kí inú rẹ̀ dùn díẹ̀, torí pé tèmi ì bá dùn. Ó mú ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó fi ìka wá ibi tí àgbélébùú wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Omi àkọ́kọ́ ńkọ́? Níbo lẹ dà á sí?"

Mo ní gọ́tà ni.

Ó dijú, ó tún là á. Ó ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́jọ́ jàre. Èmi náà dà á sí gọ́tà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Màmá Tíṣà ò bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Omi lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣàn án, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ níbẹ̀, torí ohun tó wà lára aṣọ náà kì í ṣe wáìnì lásán mọ́. Omi yẹn kì í wọ gọ́tà, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ tó wọ̀ ọ́. Ìgbà tó ń sọ ọ́ ni mo rí yín lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ gbé bàsíà, tí ẹ rọra ń da omi sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ẹnu yín ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo rò pé ẹ̀ ń bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dùn mí pé ẹlòmíràn ló ń túmọ̀ yín fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ, tí mi ò gbọ́?

Mo bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kí ni ẹ̀yin méjèèjì máa ń sọ ní gbogbo Sátidé yẹn?

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni. Ọ̀rọ̀ yín ṣáá. Ìgbà tí ẹ gba ipò kìíní, ìgbà tí wọ́n fún yín níṣẹ́, bí ẹ ò ṣe fẹ́ràn ilá. Àǹtí, ẹ má bínú o, ó máa ń sú mi. Màmá Tíṣà á máa sọ̀rọ̀ yín, èmi á máa fọṣọ, mo á máa sọ nínú ara mi pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ tèmi báyìí láyé? Ọmọ ọdún méjì ni mo wà tí ìyá mi fi kú. Mo jowú yín gan-an ni, kí n má purọ́."

Inú mi dùn, Màámi. Kì í ṣe irú ìdùnnú tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ kó tún un sọ. Mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà bi í bóyá ẹ sọ ti ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn ìṣirò, nígbà tó gbé ọmọ sílẹ̀, tó wọ yàrá lọ, tó gbé aṣọ funfun kan jáde, èyí tó gùn dé ilẹ̀, tí apá rẹ̀ gbòòrò. Mo mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Sùtánà ìjọ wọn ni.

Ó ní, "Ti ìyá mi ni. Òun nìkan ni nǹkan wọn tó wà lọ́wọ́ mi. Òwú gidi ni, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀, ó máa fa omi dáadáa."

Ìgbà tó nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì ni mo tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní rárá o, Títí, kò ṣeé ṣe, jẹ́ kí alùfáà lo aṣọ ìnujú lọ́la, jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́ fún un. Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò.

Ó ní, "Aṣọ àdúrà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibi àdúrà náà ló ń lọ. Ẹ bá mi dì í kó le."

Mo bá a dì í. Ìró aṣọ yẹn nígbà tí sísọ́ọ̀sì gbà á kọjá ṣì wà létí mi. Ó gé mẹ́jọ nídìí rẹ̀, ó ká èyí tó kù padà sínú àpótí, kò dé orúnkún mọ́. A jókòó sórí ẹní, a rán etí rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ sùn sáàárín wa. Òun rán márùn-ún, èmi mẹ́ta, ọwọ́ mi le lóòótọ́. Ó ní kí èmi fi òwú pupa sí àárín gbogbo rẹ̀ torí pé ọmọ yín ni mí. Àgbélébùú tí mo rán wọ́, kò sí ọ̀kan tó dúró ṣánṣán nínú wọn. A fọ̀ wọ́n, ó gbé omi àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́, ó fi ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé wọn hàn mí. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú mo ti wà nílé, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn sí mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ̀ ọ́, ojú ara mi ń tì mí. Obìnrin tí mo kórìíra fún oṣù mọ́kànlá gé aṣọ ìyá rẹ̀ láti fi bo àṣìṣe mi. Èmi kò lè fún un ní ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo, ìyẹn "Màámi" tó ti ń bẹ̀rù láti pè níwájú mi láti ìgbà ìsìnkú yín.

Àárọ̀ yìí, ó gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí alùfáà ké sí wa, mo dìde. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí. Ìyá kan fọwọ́ kan inú rẹ̀, ó ń bi mí pẹ̀lú ojú nípa ọgbẹ́ mi, mo mi orí. Mo ti fẹ́ lọ kúnlẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí n jìnnà sí Títí, torí pé nǹkan náà kò tíì tán nínú mi pátápátá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti kún. Mo dúró bí ẹni tó sọnù. Títí, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó sún kúrò díẹ̀ lórí ìrọ̀rí ìkúnlẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Èjìká wa kanra. Ọmọ náà ń mí sí mi létí. Ife kan Títí lẹ́nu, alùfáà fi ọ̀kan nínú aṣọ náà nù ún, ó yí i díẹ̀, ó gbé e wá sẹ́nu mi. Mo mu ún.

Nǹkan tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí nìyí, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti pinnu láti ilé pé bí mo bá gbà á, ẹ̀yin ni mo máa rántí, pé mo máa sọ fún Ọlọ́run gbogbo bí mo ṣe ń ṣàárò yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáìnì náà dé ọ̀fun mi, obìnrin kan tí mi ò rí rí ni mò ń rò, ìyá Títí, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó mọ irú ọmọ tó bí. Fún ìwọ̀n àkókò yẹn, Màámi, mi ò rántí yín rárá. Nígbà tí mo dìde ni mo tó mọ̀, kò sì dùn mí.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tó sì ti gbà pé ẹ bí ju ẹyọ kan lọ.